Ògiri Àárín

Bí ilé bá lè wúkọ́ ni, ilé Tíṣà ì bá ti máa wúkọ́ láràárọ̀. Búńgálò ni, ilé ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ láyé ìgbà tí àwọn ènìyàn ṣì gbà pé ilé tó ṣókùnkùn ló ń tutù. Gíláàsì pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn ló wà lójú fèrèsé rẹ̀, ìdajì kò ṣeé ṣí, ìdajì kò ṣeé tì. Àjà rẹ̀ wá sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá ga gbọ́dọ̀ tẹríba fún un kó tó jókòó. Òjò ti ya àwòrán rúsúrúsú sára àjà náà, bí ìgbà tí ènìyàn da tíì sí aṣọ funfun. Láti pálọ̀ sí ilé ìdáná kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n ògiri kan dábùú àárín wọn, nítorí náà ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ ní pálọ̀ ní láti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó gba ẹnu ọ̀nà àwọn yàrá kọjá, kó yà sápá ọ̀tún nínú òkùnkùn, kó tó rí omi mu. Òùngbẹ mìíràn á ti bá tirẹ̀ lọ kó tó débẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe àbíkẹ́yìn Tíṣà. Aránṣọ ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ẹni tó sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́ kò ronú púpọ̀ rárá. Pálọ̀ yẹn ló ti ń ránṣọ, látìgbà tí bàbá wọn sì ti kú, òun àti Tíṣà ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé náà. Ní ti Tíṣà, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ tíṣà kò fẹ̀yìn tì lára wọn. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọmọ, àmì ohùn sì ni wọ́n fẹ́ràn jù nínú ohun gbogbo tí Ọlọ́run dá. Ọmọ tó bá kọ “oko” sílẹ̀ láìfi àmì kankan sí i, wọ́n á bi í bóyá oko tí à ń ro ni, tàbí òkò tí à ń sọ, tàbí ọkọ tó jẹun tán tí kò palẹ̀ àwo mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹsẹ̀ Tíṣà yọ̀ nínú ilé ìdáná, wọ́n ṣubú, egungun ìbàdí wọn sì dá. Nígbà tí ilé ìwòsàn tú wọn sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ ọkùnrin ni wọ́n lọ, ní ìlú mìíràn tó jìnnà, kí ara wọn lè bọ̀ sípò. Ọ̀gá ọ́fíìsì ni ẹ̀gbọ́n yìí, ẹni tó máa ń rí ọ̀nà àbáyọ kó tó gbọ́ ìṣòro tán. Ó ní kí wọ́n ta ilé náà, kí Màmá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí Abẹ́rẹ́ sì wá ṣọ́ọ̀bù gbà síbi tó bá wù ú. Tíṣà kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

“Ẹ jẹ́ kí Abẹ́rẹ́ tún un ṣe ná,” ni wọ́n wí. “Màá wá wò ó fúnra mi. Bí mo bá rí i pé mo lè gbé e, màá dúró. Bí mi ò bá lè gbé e, màá bá ọ lọ. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bẹ̀ mí.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló di iná sábẹ́ Abẹ́rẹ́. Kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ mọ bí ènìyàn ṣe ń gbé inú ilé tí kò sí ẹni tí yóò tún gbólóhùn rẹ̀ ṣe kó tó sọ ọ́ tán. Ó kó gbogbo owó tó ti ń tù jọ síta, ó so gèlè mọ́rí gbọningbọnin, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ilé náà bí aṣọ tí wọ́n rán tó há: aṣọ kò bàjẹ́, ẹni tó rán an ni kò wọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ, ó sì ń fi fa ìlà káàkiri ilé. Ẹnu ọ̀nà tó bá fún, ó fa ìlà sí i pé kí wọ́n fẹ̀ ẹ́, kí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí Tíṣà fi ń rìn lè gbà á kọjá. Yàrá iwájú tí wọ́n ń kó àlòkù ẹrù sí, ó ní yàrá Tíṣà nìyẹn, kí oòrùn òwúrọ̀ máa wá kí wọn. Ilé ìwẹ̀ yóò ní irin ìdìmú lára ògiri, ilẹ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ èyí tí kò ní máa yọ̀. Nígbà tó dé ìdí ògiri àárín, ó fa ìlà méjì gàdàgbà tó dábùú ara wọn, ó ní èyí gbọ́dọ̀ wó.

Kòkánjú ni gbogbo àdúgbò ń pe bíríkìlà tó gbé iṣẹ́ náà fún, orúkọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dán, àmọ́ kò sí ohun tó ń mú un yára láyé yìí àfi oúnjẹ.

“Àǹtí Abẹ́rẹ́, ẹ rọra,” ló máa ń wí. “Ilé ò lẹ́sẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá a lánàá náà lẹ máa bá a lónìí.”

“Èmi lẹ́sẹ̀, ọ̀gá,” Abẹ́rẹ́ á dá a lóhùn. “Ẹsẹ̀ náà sì ń yún mi.”

Ọjọ́ tí káfíńtà ṣí àjà ni Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ jó. Wọ́n ń fa pákó ya, eruku ń dà, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ àdúgbò kan tí àwọn fúnra wọn ti dàgbà jábọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè tí wọ́n rí i pé àyè gbàràmù ló wà láàrin àjà àti òrùlé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà ni àyè yẹn ti wà níbẹ̀, tí wọ́n ń tẹríba lábẹ́ rẹ̀ lásán. Káfíńtà ní òun lè kan àjà tuntun náà kó tẹ̀ lé òrùlé lọ sókè. Abẹ́rẹ́ ní kó tẹ̀ lé e lọ, kó má wẹ̀yìn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ọ̀já ìwọnṣọ wọn gíga náà lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe pé ó fẹ́ lò ó, ó kàn fẹ́ gbọ́ iye rẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n wá yọ fèrèsé àtijọ́ tí wọ́n sì fi gíláàsì ńlá tí à ń tì sọ́tùn-ún tì sósì rọ́pò rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ dé láìkanlẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ rí àwọ̀ ilẹ̀ pálọ̀ wọn gan-an. Ó ti rò ó títí pé àwọ̀ eérú ni, àṣé pupa ni. Àwọn oníbàárà tó wá gba aṣọ wọn kò tètè lọ mọ́. Wọ́n á dúró, wọ́n á wòkè, wọ́n á wòlẹ̀, wọ́n á ní ṣé ilé yẹn náà nìyí. Abẹ́rẹ́ á ní ẹ má tíì yìn ín, ẹ dúró kí ògiri àárín lọ ná.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ògiri máa lọ, Kòkánjú fi ìka kàn án lókè, ó kàn án nísàlẹ̀, ó fetí lélẹ̀.

“Kò gbé nǹkan kan,” ó ní. “Òrùlé ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ bọ́ sẹ́yìn.”

Ó gbé òòlù ńlá sókè. Bí òòlù ṣe dé òkè báyìí ni fóònù Abẹ́rẹ́ dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ Tíṣà ló wọlé, ó sì kúrú:

“E ba mi wo ogiri aarin o. E ma je ki n ba a bi mo se fi i sile.”

“Ẹ dúró, ẹ dúró, ọ̀gá!” Abẹ́rẹ́ ń na ọwọ́. “Màmá ní ká bá àwọn wo ògiri yìí. Wọ́n ní ká tọ́jú rẹ̀.”

Kòkánjú sọ òòlù kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìsọ̀kalẹ̀ kò ṣòro fún irú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì, inú rẹ̀ bàjẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí ó ti fojú inú rí ilé ìdáná àti pálọ̀ tí wọ́n ti di ọ̀kan ṣoṣo gbayawu. Ṣùgbọ́n bó ṣe rò ó wò, ó ní ó yẹ kí òun ti mọ̀. Bàbá àwọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ògiri yẹn, láìjẹ́ bíríkìlà, ó sì wọ́ díẹ̀ sápá kan títí dòní. Ó ní ọkọ wọn ni Màmá ń rí lára ògiri náà. Ó dìde, ó gbọn sìmẹ́ńtì nù lára ìdí.

“Ó dáa,” ó ní. “Bí wọ́n bá ní ká tọ́jú rẹ̀, a ó tọ́jú rẹ̀ débi tí ojú á fi ti àwọn ògiri yòókù.”

Àfi bí ẹni pé Kòkánjú ti ń retí irú iṣẹ́ yìí látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó rẹ́ ògiri náà títí wíwọ́ rẹ̀ fi di títọ́. Ó gbẹ́ ihò ìgbé-nǹkan-sí mẹ́ta sí i lára, ó sì ní kí oníná fi gílóòbù kékeré sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kùn ún ní àwọ̀ ewé tútù, ó tún un kùn. Káfíńtà kan pẹpẹ ìwé Tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kòkánjú á dúró lókèèrè, á dijú kan, á súnmọ́ ọn, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára. Abẹ́rẹ́ ní kó má lọ bá ògiri sùn o. Ohun kan ṣoṣo ló ń gún un lára: ilé ìdáná ṣì ṣókùnkùn. Wọ́n ti tún ibi ìgbọ́únjẹ ṣe, wọ́n ti fi ilẹ̀ tuntun sí i, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ pálọ̀ kò lè dé ibẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi gílóòbù tó lágbára sí i, ó sì gbà kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan Tíṣà pè é lórí fóònù.

“Ṣé ẹ rí iṣẹ́ tí mo rán nípa ògiri yẹn?”

“A rí i mà. A ti ṣe é. Ẹ ò ní dá ibẹ̀ mọ̀.”

“Ẹ ti ṣe é?” Tíṣà mí kanlẹ̀. “Ẹ ṣé o. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá balẹ̀. Ṣé kò fún yín ní wàhálà?”

“Ó gba àkókò díẹ̀ mà, àmọ́ Kòkánjú gbádùn ẹ̀ gan-an ni.”

“Mo gbọ́ pé àwọn ọkùnrin máa ń gbádùn irú ẹ̀,” Tíṣà ní, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín, oníkálukú pẹ̀lú ògiri tirẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ fóònù kò lójú.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dé. Ẹ̀gbọ́n ló wa mọ́tò. Abẹ́rẹ́ ti gbálẹ̀ títí gbígbá fi sú ilẹ̀, Kòkánjú náà sì ti wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́ wá, ó ní òun fẹ́ rí ojú Màmá. Tíṣà gbé irin wọn wọ ẹnu ọ̀nà, irin kọjá láìkan ohunkóhun. Wọ́n wo apá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà, wọ́n wo apá òsì, wọ́n mi orí. Wọ́n dé yàrá iwájú, oòrùn wà lórí ibùsùn. Wọ́n dé ilé ìwẹ̀, wọ́n di irin ògiri mú, wọ́n fà á bí ẹni fẹ́ fà á tu, kò mira.

“Abẹ́rẹ́,” wọ́n ní, “ìwọ lo ṣe gbogbo èyí?”

“Èmi ni mà.” Inú rẹ̀ ń dùn débi pé kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n pàápàá ń gbójú sókè wo àjà, ó ń ní ó mà ga o. Wọ́n wá wọ pálọ̀.

Tíṣà dúró. Gílóòbù ń tàn nínú àwọn ihò, àwọ̀ ewé ń dán, Kòkánjú sì dúró tì í bí ọkọ ìyàwó.

“Kí lèyí?”

“Ògiri àárín ni mà. Ẹ wo bó ṣe dán.”

“Mò ń rí i. Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ṣé ẹ ò rí iṣẹ́ tí mo rán ni?”

“A rí i mà. Ẹ ní ká bá yín wo ògiri, ká má jẹ́ kẹ́ ẹ bá a bẹ́ ẹ ṣe fi í sílẹ̀. A sì wò ó.”

“Wó!” Tíṣà ní. “Mo ní ẹ wó o. Wó! Kó wó lulẹ̀ pátápátá.”

Ẹ̀gbọ́n gba fóònù lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́, ó ka iṣẹ́ náà, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín.

“Màmá, ẹ ò fàmì sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n kúnlẹ̀ nítorí àmì orí ‘igbá’.”

“Fóònù yẹn ò ní àmì,” Tíṣà ní lábẹ́ ohùn. “Níbo ni mo ti fẹ́ rí i?”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n di ògiri mú kó má bàa ṣubú. Kòkánjú náà rẹ́rìn-ín títí ó fi yé e pé ògiri òun ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni Tíṣà. Wọ́n ti ń yí irin wọn padà sí ẹnu ọ̀nà.

“Ilé náà rẹwà,” wọ́n ní. “Ẹ ti ṣe gudugudu méje. Àmọ́ mi ò lè gbé e. Má wulẹ̀ já àpò mi kalẹ̀,” wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n. “Màá bá ọ lọ.”

Ayọ̀ gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn dà sílẹ̀ lára Abẹ́rẹ́ bí omi.

“Nítorí ògiri, Màmá?”

“Mo ti ní kẹ́nikẹ́ni má bẹ̀ mí.”

“Mi ò bẹ̀ yín, ìbéèrè ni mò ń bi yín.” Inú ti ń bí i. “Mo rò pé nítorí bàbá wa lẹ ṣe fẹ́ràn ẹ̀ ni. Mo fi òkùnkùn sílẹ̀ nínú ilé ìdáná nítorí ẹ̀. Kí ni ògiri fi ṣe yín?”

“Bàbá yín mọ ọ́n kí òórùn àlùbọ́sà má bàa dé ibi tó ti ń gbọ́ rédíò. Mo ti bá a jà lórí ẹ̀, a ti parí ìjà, ó ti lọ sinmi.” Tíṣà yíjú sí àwọn ọkùnrin. “Ẹ lọ bá mi wo mọ́tò níta.” Ẹ̀gbọ́n fẹ́ béèrè bóyá wíwó ni tàbí wíwò, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó gbé ẹnu rẹ̀ lọ síta.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, Tíṣà jókòó.

“Ọjọ́ tí mo ṣubú, mo sọ fún gbogbo yín pé bí mo ṣe ṣubú báyìí lo wọlé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ wà ní pálọ̀ níbí, ò ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé. Mò ń gbọ́ máṣíìnì rẹ. Mo pè ọ́. Mo pè ọ́ títí ohùn mi fi lọ. Mò ń lu ilẹ̀. Bó o bá dá máṣíìnì dúró báyìí, màá pè ọ́, àmọ́ ògiri ò ní jẹ́ kó o gbọ́, wàá tún máa rán lọ. Omi lo wá mu tó o fi rí mi.”

Abẹ́rẹ́ rántí ọjọ́ náà dáadáa. Orin ló ń kọ lọ́jọ́ náà.

“Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn,” Tíṣà ní. “Wò ó, o ti ń gbé e kọ́rùn. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kọ́. Mi ò bínú sí ọ rí, òun ni mò ń bínú sí. Gbogbo ìgbà tí mo wà ní ilé ìwòsàn, mi ò lálàá mìíràn ju òun lọ. Mi ò lè máa se tíì lẹ́yìn ẹ̀ mọ́, Abẹ́rẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí ni.”

Omijé ń dà lójú Abẹ́rẹ́, kò nù ún. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ké sí Kòkánjú.

“Ọ̀gá, òòlù ńlá yẹn dà?”

Kòkánjú wo ojú rẹ̀, ó wo ògiri rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹ̀.”

Wọ́n jẹ́ kó yà á. Wọ́n gbé Tíṣà sí ìta lójú afẹ́fẹ́, níbi tí eruku kò ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn, Kòkánjú pa iná àwọn gílóòbù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó já wáyà wọn kúrò. Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ lù ú. Ó lù ú pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀ tí kò tó nǹkan, òòlù ta padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ó tún un lù, ògiri là. Ẹ̀gbọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì olówó iyebíye rẹ̀, ó ní kí wọ́n sún fún òun. Kòkánjú ní wọn ò mọ̀ ọ́n lù, wọ́n ń jẹ ẹ́ níyà lásán ni, ó gba òòlù, ó sì ń yára. Bẹ́ẹ̀ ni, Kòkánjú ń yára. Àwọn aládùúgbò tó wá wòran jẹ́rìí sí i. Búlọ́ọ̀kù ń já, eruku funfun bo gbogbo wọn títí a kò fi mọ bíríkìlà yàtọ̀ sí ọ̀gá ọ́fíìsì. Láti ìta, Tíṣà ń ké sí wọn pé ẹ fi àmì sí i o, ẹ fi àmì sí i. Nígbà tí ìlà ìsàlẹ̀ wó, ìmọ́lẹ̀ pálọ̀ rọ́ lọ tààrà sínú ilé ìdáná, ó dé orí ìkòkò, ó dé igun tí iná kankan kò dé rí. Abẹ́rẹ́ pariwo ayọ̀, ó sì dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tòun ti eruku.

Ìgbà tí wọ́n kó àfọ́kù tán tí wọ́n sì fi omi fọ ilẹ̀, ilẹ̀ ti fẹ́ máa ṣú. Ẹ̀gbọ́n lọ gbé àpò Tíṣà kúrò nínú mọ́tò, kò sọ nǹkan kan, ó gbé e sí yàrá iwájú. Tíṣà gbé irin wọn lọ sínú ilé ìdáná fúnra wọn. Wọ́n wo ibi tí wọ́n ṣubú sí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó níbẹ̀ gan-an.

Abẹ́rẹ́ ṣí aṣọ tó fi bo máṣíìnì rẹ̀, ó fi àkísà kan sábẹ́ abẹ́rẹ́ láti wò bóyá eruku ti kó sí i. Ó tẹ̀ ẹ́, máṣíìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bó ṣe máa ń pariwo.

“Abẹ́rẹ́.”

Ohùn náà kò lọ sókè rárá. Bí ènìyàn ṣe ń pe ẹni tó jókòó tì í ni wọ́n ṣe pè é. Abẹ́rẹ́ ti dìde dúró kí ó tó mọ̀ pé òun dìde.

“Mà? Kí lẹ fẹ́, Màmá?”

“Mi ò fẹ́ nǹkan kan,” Tíṣà ní. “Mo kàn pè ọ́ ni.”